Kí A Tó Ya Owó Ra Kọ̀ǹpútà, Ẹ Jẹ́ Kí A Bèèrè Mọ́dábọ́ọ̀dù

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, àbá kan wá sílẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi ra kọ̀ǹpútà sílé fún àwọn ọmọ wa. Àbá náà dára. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti kúrò lórí bébà, tó di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bá jà kó tó bá ìbéèrè jà. A fọwọ́ sí àbá náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti rí lára àwọn tó kọ́kọ́ rà tiwọn kò jẹ́ kí a lè dákẹ́. Bí a kò bá ṣọ́ra, owó ẹgbẹ́ yóò wọ àpò àwọn tí ń ta òkú ẹ̀rọ, gbèsè nìkan ni yóò sì kù sí wa lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Awakọ̀ ni. Ó yá owó, ó lọ sí ọjà, ó ní òun fẹ́ kọ̀ǹpútà gidi fún ọmọ òun obìnrin tí ń múra ìdánwò. Ọ̀gá tí ń tajà náà, tí a kò ní dárúkọ, gbé àpótí dúdú kan tí ń dán jáde, ó fọwọ́ gbá àmì tó wà níwájú rẹ̀, ó ní: "Ẹ wò ó, Dádì, Core i7 nìyí. Ẹ má wulẹ̀ wá èyí tó ju èyí lọ." Arákùnrin wa sanwó. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin, ó kú.

A gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ wa, tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó ṣí i, ó pè wá kí a wá wò ó. Core i7 ni lóòótọ́, ẹni tó tà á kò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n i7-3770 ni, èyí tí Intel gbé jáde ní ọdún 2012. Pírósẹ́sọ̀ náà kò tilẹ̀ kú. Mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e lé ni ó kú. Àwọn kápásítọ̀ orí rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Bọ́ọ̀dù mìíràn tó lè gba irú pírósẹ́sọ̀ náà ní ọjà, ògbólógbòó bíi tirẹ̀ ni. Títí di òní tí a ń kọ èyí, wọ́n ṣì ń yọ owó náà nínú owó oṣù arákùnrin wa. Ọmọ rẹ̀ ti padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Àwa tí ń kọ ìwé yìí kò lọ sí yunifásítì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni tiwa. Ṣùgbọ́n a mọ ẹ́ńjìnnì, a sì mọ ṣáṣí. Nígbà tí ọmọkùnrin yìí sì ṣàlàyé fún wa, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí èyí tí a mọ̀. Pírósẹ́sọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kọ̀ǹpútà: òun ni ń ṣírò, òun ni ń ronú. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni ṣáṣí: pátákó fẹ̀ǹfẹ̀ tí a ń so ohun gbogbo mọ́, tí iná ń gbà kọjá, tí pírósẹ́sọ̀, RAM àti ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ tí yóò lọ ra ẹ́ńjìnnì kó tó mọ ṣáṣí tí yóò gbé e lé. Kí ló dé tí a fi ń ra kọ̀ǹpútà nípa àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè pírósẹ́sọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa kò sì gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó kí a tó mọ orúkọ bọ́ọ̀dù tí yóò rà.

Ìdí kìíní ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ojú ihò tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù. Ti Intel yàtọ̀ sí ti AMD, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá tí ọ̀kan yóò fi wọ èkejì. Lọ́dọ̀ Intel fúnra rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan pẹ́ títí. LGA1200 gba ìran kẹwàá ti ọdún 2020 àti ìkọkànlá ti ọdún 2021, ó sì parí. LGA1700 gba ìran kejìlá, ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá, láti ọdún 2021 sí 2023. Nígbà tí Core Ultra 200 fi máa jáde ní ọdún 2024, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yí padà sí LGA1851.

Èyí tó burú jù ni LGA1151. Ìran kẹfà àti ìkeje lo orúkọ yìí, ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án náà tún lo orúkọ kan náà. Ojú ihò wọn jọra, pírósẹ́sọ̀ yóò sì jókòó síbẹ̀ wẹ́kú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ìran kẹfà àti ìkeje kò ní jí fún pírósẹ́sọ̀ ìran kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ní ẹ̀ka ìdìpọ̀ fi owó ìsinmi ọdún rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ó ra pírósẹ́sọ̀ ìran kẹsàn-án, ó fi sínú bọ́ọ̀dù tó ti ní tẹ́lẹ̀, ó wọlé, ó tan iná, fáànù ń yí, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tó dá a padà, ọlọ́jà ní òun kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti tú. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọlé ló bára mu.

Lọ́dọ̀ AMD, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 tí Ryzen àkọ́kọ́ fi jáde ní ọdún 2017 ṣì gba Ryzen 5000 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, ní ọdún 2024 pàápàá wọ́n ṣì gbé àwọn tuntun jáde fún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra bọ́ọ̀dù ní ọdún 2017 ló lè ra pírósẹ́sọ̀ tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì lẹ́yìn ọdún márùn-ún, láìpààrọ̀ bọ́ọ̀dù. AM5 ló tẹ̀ lé e ní ọdún 2022, AMD sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa ṣe nǹkan fún un títí di ọdún 2027 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò gba owó lọ́wọ́ AMD láti sọ èyí. Ohun tí à ń sọ ni pé bí owó òṣìṣẹ́ ṣe ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó gbà kí a máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ló yẹ wá. Bí a ti ń kọ́lé náà nìyẹn: ọdún yìí ìpìlẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ òrùlé.

Ìdí kejì ni pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pírósẹ́sọ̀ ń sọ òtítọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹ má wo i3, i5, i7 nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Nínú i7-3770, 3 tó ṣáájú ni ìran rẹ̀: ìran kẹta. Nínú i3-12100, 12 ni ìran rẹ̀. Kọ́ọ̀ ni à ń pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú pírósẹ́sọ̀. Kọ́ọ̀ 4 ni i7-3770 ní, kọ́ọ̀ 4 náà ni i3-12100 ní, ṣùgbọ́n i3 yìí yára ju i7 ọdún 2012 lọ dáadáa, kò sì jẹ iná tó o. Ọmọ kékeré tó kàwé lè ju àgbà tí kò kàwé lọ lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ oyè kì í ṣe iṣẹ́.

Ìran yìí tún ṣe pàtàkì nítorí Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò gba pírósẹ́sọ̀ Intel tí kò tó ìran kẹjọ, kò sì gba Ryzen tí kò tó 2000, bọ́ọ̀dù náà sì gbọdọ̀ ní ohun ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń da àwọn ẹ̀rọ wọn àtijọ́ nù, ọjà tòkunbọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gúnlẹ̀ sí. A kò sọ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò wúlò rárá. Ẹni tó bá lè lo Linux, tí a kì í sanwó fún, ó ṣì lè fi i kọ́ ọmọ ní kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ àtijọ́ ni kó san fún un, kì í ṣe owó tuntun.

Ìdí kẹta ni lẹ́tà tó wà ní ìparí orúkọ. Lọ́dọ̀ Intel, bí ẹ bá rí F ní ìparí, bíi i3-12100F, ó túmọ̀ sí pé pírósẹ́sọ̀ náà kò ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí nǹkan kan lójú mọ́nítọ̀. Nínú Ryzen 5000, èyí tó ní G ní ìparí, bíi 5600G, ló ní àwòrán tirẹ̀. Àwọn ọlọ́jà máa ń fi F ṣe ọjà pọ́ọ́kú, ẹni tí kò mọ̀ á sì ṣe bí ẹni pé òun rí èrè. Nígbà tó bá dé ilé tán ni yóò tó mọ̀ pé ó ku ohun kan tó wọ́n ju èrè náà lọ. K ní ìparí ti Intel sì wà fún àwọn tó fẹ́ fi tipátipá mú pírósẹ́sọ̀ sáré ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Ó ń béèrè bọ́ọ̀dù Z tó wọ́n, bíi Z790. Ọmọ tí ń kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkọ kò nílò rẹ̀.

Ìdí kẹrin ni iná, èyí tí ó kan gbogbo wa. Pírósẹ́sọ̀ ńlá bíi i9-14900K lè fa iná tó 253W òun nìkan. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ lé bọ́ọ̀dù H610 tó kéré jù lọ, ṣe ni ó dà bí ẹni gbé ẹ́ńjìnnì tírélà lé ṣáṣí dánfó. Àwọn ohun kéékèèké tó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tí ń pín iná fún pírósẹ́sọ̀, yóò máa gbóná, bọ́ọ̀dù yóò sì máa dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Owó i9 lẹ san, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ lẹ ó rí. Ṣùgbọ́n i3-12100 tàbí Ryzen 5 5600G, tí 65W tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n wọn, yóò ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ìwọ̀nba. Ẹ̀rọ tí a fi irú wọn tò, tí kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀, kì í sábà jẹ iná tó 100W lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, yàtọ̀ sí ti mọ́nítọ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí bátìrì sólà tan iná ilé rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí.

Kí wá ni ìmọ̀ràn wa? Fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ tò ó ní ìwọ̀nba owó, ọ̀nà méjì ni a fọwọ́ sí. Ọ̀kan ni bọ́ọ̀dù AM4 tó jẹ́ B450 tàbí B550, pẹ̀lú Ryzen 5 5600G. Èkejì ni bọ́ọ̀dù LGA1700 tó jẹ́ H610 tàbí B660, pẹ̀lú i3-12100. Kí ẹ rí i dájú pé bọ́ọ̀dù LGA1700 náà jẹ́ ti RAM DDR4 bí ẹ bá ti ní DDR4 lọ́wọ́, nítorí wọ́n ṣe ti DDR4, wọ́n sì ṣe ti DDR5, ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. AM5 ní ọjọ́ iwájú ju àwọn méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n DDR5 nìkan ló ń gbà, owó RAM sì fò sókè káàkiri àgbáyé ní ìparí ọdún 2025 nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ń rà á jọ fún ẹ̀rọ AI. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá gbà á ni kó lọ síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ ṣe mẹ́ta yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti Intel àti ti AM5, ara bọ́ọ̀dù ni irin tín-ín-rín wọn wà. Ti AM4, ara pírósẹ́sọ̀ ni. Bí ẹyọ kan bá ti wọ́, ẹ má rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bóyá BIOS bọ́ọ̀dù náà mọ pírósẹ́sọ̀ tí ẹ fẹ́ lò. Bọ́ọ̀dù B450 tó ti wà láti ọdún 2018 kò lè mọ Ryzen 5000 àfi bí wọ́n bá ti tún BIOS rẹ̀ ṣe, kí ọlọ́jà sì tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Níkẹyìn, kí wọ́n tò ó lójú yín, kó tan, kí ẹ rí orúkọ pírósẹ́sọ̀ lójú mọ́nítọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tuntun tó ga kì í ní àbùkù. Ní ọdún 2024, Intel fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ ńláńlá kan ní ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń bàjẹ́ nítorí iná tó ń wọ inú wọn ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde, BIOS bọ́ọ̀dù ni àtúnṣe náà sì ń gbà wọlé. Wọ́n tún fi ọdún méjì kún ọdún ìdánilójú wọn. Ẹni tó ra irú rẹ̀ tí kò tún BIOS ṣe wà nínú ewu. Ẹ rí i pé bọ́ọ̀dù àti pírósẹ́sọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí a kúkú ra laptop tòkunbọ̀, kí a yéé da ara wa láàmú. A kò bínú sí wọn. Laptop ní bátìrì, ilé tí iná kì í ti í dúró tó wákàtí kan lè fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ laptop, wọ́n ti jó pírósẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì kú. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ yìí ti ga jù fún òṣìṣẹ́. Èyí ni a kò gbà. Ẹni tó lè tú ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kó sì tò ó padà lójú òpópónà, kí ló wà nínú àpótí tí skúrù mẹ́rin dè tí kò ní lè mọ̀? Àìmọ̀ wa ni àwọn kan fi ń jẹun.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa nìyí:

1. Kí ẹni tó fẹ́ yá owó kọ orúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti orúkọ pírósẹ́sọ̀ ní kíkún sínú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe "Core i7" lásán.

2. Kí a yan irú bọ́ọ̀dù kan tàbí méjì fún gbogbo wa, kí a sì rà wọ́n pa pọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá ní oríṣi bọ́ọ̀sì mẹ́wàá yóò wá sípéà oríṣi mẹ́wàá. Bí bọ́ọ̀dù wa bá jọra, ti ẹnì kan tó kú yóò di sípéà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó sì ra ogún lẹ́ẹ̀kan náà ni ọlọ́jà ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

3. Kí owó má ṣe kúrò lọ́wọ́ akápò títí tí ẹ̀rọ náà yóò fi tan lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ìwé ìdánilójú sì wà lọ́wọ́.

4. Kí a yan ọ̀dọ́ méjì láti ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n máa kọ́ wa ní bí a ṣe ń tò ó, ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù. Kí àwọn ọmọ wa náà wá. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà kò ní bẹ̀rù rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní ti arákùnrin wa awakọ̀, a ti wo àpótí rẹ̀ wò. Àpótí náà ṣì dára, mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì dára, páwà-páàkì rẹ̀ ni a máa yẹ̀ wò dáadáa kí a tó tún un lò. Bọ́ọ̀dù, pírósẹ́sọ̀ àti RAM ni yóò pààrọ̀. A bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n fi tirẹ̀ ṣe àkọ́kọ́, kí gbèsè rẹ̀ àtijọ́ sì sinmi díẹ̀ títí ìdánwò ọmọ rẹ̀ yóò fi kọjá.

Òógùn wa ni owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ẹ jẹ́ kí a la ojú wa sílẹ̀ kí a tó ná an. Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ wá sọ tiyín. Ẹni tí kò bá sì fara mọ́ ohun tí a wí, kó wá wí tirẹ̀ níbẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!